Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÀTI ÀDÚGBÒ: TA NI WOLÉ-WOLÉ ÀDÚGBÒ WA?

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ kí ẹ bá wa jáde díẹ̀ kúrò nínú yàrá, kí a dúró ní ẹnu ọ̀nà, kí a sì wo òpópó tí ó wà níwájú ilé wa: gọ́tà rẹ̀, ààtàn rẹ̀, àti àwọn ilé tí a ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa wí pé, "Àgbàrá òjò kò lóun kò nílé í wó, onílé ni kò gbà fún un." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó ti bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ta ni onílé náà?" Bí ilé bá jẹ́ tèmi, mo mọ̀ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe àdúgbò ni ó ń bàjẹ́, ta ni yóò dìde tí yóò sọ pé òun kò gbà?

Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti gòkè nínú wa yóò rántí wolé-wolé. Ní ayé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wolé-wolé jẹ́ ọkùnrin tí ó wọ aṣọ kakí, tí ó ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn. A máa bojú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, a máa yẹ ṣalángá wò, a máa yí ẹ̀yìnkùlé ká bóyá ìdọ̀tí pọ̀ sí i. Bí ó bá rí àléébù, a kọ orúkọ baálé sínú ìwé, sàmáǹsì a sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ọmọdé bá rí i lókèèrè, ariwo "Wolé-wolé ń bọ̀!" a gba gbogbo àdúgbò kan, àwọn ìyá a máa da omi ìkòkò nù, àwọn ọmọge a máa sáré gbé ìgbálẹ̀.

Ìdí pàtàkì wà fún iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku àti eégbọn ara rẹ̀ ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Èkó, ó sì ń padà wá fún ọdún mélòó kan. Àrùn náà ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti máa tún ìlú Èkó ṣe. Nítorí náà kì í ṣe ìyọnu lásán ni wolé-wolé ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àléébù ńlá kan wà nínú ọ̀nà tí a gbà ṣe é: àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù wolé-wolé ju àrùn lọ. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti yí kọ́nà, ìgbálẹ̀ a padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tanwíjí a sì padà sínú ìkòkò. Òfin tí ó jẹ́ pé ojú ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ṣọ́ ọ, ọjọ́ tí ẹni náà bá sùn ni òfin náà sùn.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ìlú wa kò wà láìsí òfin ìmọ́tótó. Obìnrin ilé ni í gbá ojúde ní kùtùkùtù kí àlejò tó dé. Baálé ni í pín ọ̀nà odò àti ọ̀nà oko fún àwọn ọmọ ilé láti ro. Bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnì kan lọ, a bẹ ọ̀wẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó igi ìdáná jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, a fi ààlè lé e, bíi àkísà, tàbí àlòkù ìgbálẹ̀, tàbí ìkarahun ìgbín. Ẹni tí ó bá rí i a sì mọ̀ pé ohun olóhun ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọlọ́pàá kankan nítòsí. Lóòótọ́, àwọn kan ń bẹ̀rù èpè tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tí ó pọ̀ jù nínú àkísà náà ni pé gbogbo ìlú gbà á ní òfin, gbogbo ojú tí ó sì ń kọjá ni ẹlẹ́rìí. Ohun tí a ti sọnù nìyí. A ti fi òfin sílẹ̀ fún kánsù nìkan, a sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a ń bú kánsù.

Ẹ jẹ́ kí a rìn dé Ìbàdàn, kí a wo ohun tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Odò Ògùnpa ń ṣàn gba àárín ìlú náà kọjá. Kì í ṣe odò tí ọkọ̀ ń tọ̀, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí odò ńlá. Ọdún lẹ́yìn ọdún, àwọn ènìyàn ń da pàǹtí sínú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́lé sún mọ́ etí rẹ̀, títí ọ̀nà omi fi há. Odò náà kún, ó sì kìlọ̀ fún ìlú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù August, ọdún 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, Ògùnpa kò sì rí ọ̀nà gbà. Ó gba ọ̀nà ilé. Àwọn tí ó kú ju 200 lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó sì di aláìnílé. Ọdún 31 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù August, ọdún 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ó wó afárá, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá ìjọba ní 200 mílíọ̀nù dọ́là láti dènà irú omíyalé bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Kò sí ẹnì kan tí ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó sì pinnu pé òun yóò dí Ògùnpa. Agbọ̀n pàǹtí kan ni ìyá yìí dà síbẹ̀. Àgbá kan ni bàbá yẹn yí sí i. Ẹnìkan fi ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ gba ẹsẹ̀ bàtà méjì nínú ilẹ̀ omi. Ohun kékeré ni ohun tí olúkúlùkù ṣe. Aládùúgbò rẹ̀ rí i, ó sì dákẹ́, nítorí kò fẹ́ kí a pe òun ní olófòófó. Gbèsè owó dọ́là náà, àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Bẹ́ẹ̀ ìgbálẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu kì bá ti náni tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Kí ìjọba ṣáà lo agbára, kí ó wó gbogbo ilé tí kò tọ́, ọ̀rọ̀ tán." Ẹ ní sùúrù. A ti rí ìyẹn pẹ̀lú. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé híhá ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ète náà dára létí: kí ìlú mọ́, kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà gbà. Wọ́n ṣèlérí pé onílẹ̀ lè padà ra ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a bá ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n iye owó rẹ̀ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyá tí ó ń tajà ní ojúde ara rẹ̀ pàdánù àwọn oníbàárà. Ọmọ tí ó ń jẹun lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ di ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ kí ó tó rí i. Ní oṣù July, ọdún 1990, ìjọba ológun tún wó Màrókò ní Èkó, iye àwọn tí ó sì di aláìnílé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kà á, tó nǹkan bí 300,000. Àtúnṣe tí a kò bá onílé sọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìparun ni í jọ lójú onílé. Bí a bá fi àdúgbò sílẹ̀ láìsí òfin, omi a gbé e lọ. Bí a bá sì fi òfin sílẹ̀ láìsí àdúgbò, katakata a wó o lulẹ̀. Àárín méjèèjì ni ọ̀nà wà.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín níhìn-ín. Ní òpópó tí mo ń gbé, èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni mo jẹ̀bi jù nígbà kan. Mo kọ́ ilé ìwẹ̀ tuntun sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì ṣí ojú omi rẹ̀ sí ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ ilé, mo ní oòrùn yóò máa fà á gbẹ. Oòrùn kò fà á gbẹ. Omi náà rọ́ lọ sí iwájú ilé kejì, ó di àbàtà, ó sì di ibùgbé ẹ̀fọn. Àwọn aládùúgbò ń fò ó kọjá, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, kò sì sí ẹni tí ó la ẹnu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ó ń din àkàrà ní ìkòríta wa wá bá mi. Ayálégbé ni, yàrá kan ṣoṣo ni ó yá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Omi tí ó ń ti ilé yín jáde ni ó ń dúró sí ẹnu ọ̀nà wa. Ìgbà kẹta nìyí tí ibà ń dá ọmọ mi dúbúlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Mo ní kí n wá sọ fún yín fúnra mi, kí n má baà máa sọ ọ́ lẹ́yìn yín."

Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ní nínú ara mi pé, "Ayálégbé ni yóò wá kọ́ onílé ní ìmọ́tótó?" Mo dá a lóhùn ṣókí pé, "Mo ti gbọ́, Ìyá Alákàrà. Ẹ máa lọ ná." Mo sì wọlé pẹ̀lú ìbínú. Aya mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi ìdáná. Ó ní, "Baálé mi, èwo ni ẹ yàn nínú méjèèjì, kí ó wá bá yín ní kùtùkùtù lórí eékún, tàbí kí ó lọ bá wolé-wolé ní kánsù? Ọlá ni ó bù fún yín." Ọ̀rọ̀ náà gún mi ní ọkàn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo pe bíríkìlà, a gbẹ́ kòtò tí ilẹ̀ yóò ti máa mu omi náà, a sì fi páìpù darí rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbẹ, èmi fúnra mi ni mo lọ kí ọmọ náà.

Nígbà tí mo ti tún tèmi ṣe, mo wá ní ẹnu tí mo lè fi sọ̀rọ̀. Mo jẹ́wọ́ ní ìpàdé àwọn onílé, mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a máa pe àwọn ayálégbé wá jókòó pẹ̀lú wa, nítorí ẹ̀fọn kì í bèèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kí ó tó jẹ ẹ́. Àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà níkẹyìn. A ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àgbàlagbà méjì, ìyá méjì àti ọ̀dọ́ méjì rin òpópó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ láì bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n rí ilé opó kan tí ògiri ọgbà rẹ̀ ti wó sínú gọ́tà. Wọ́n rí ọkùnrin kan tí ó fi kọnkéré bo gọ́tà níwájú ilé rẹ̀, tí ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lórí. Nínú òfin, ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì jọra. Ọ̀nà omi ni àwọn méjèèjì dí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè ṣe é, ẹnìkejì kò fẹ́ ṣe é. A bẹ ọ̀wẹ̀ fún opó náà. Àwọn ọ̀dọ́ kó bíríkì kúrò, a sì fi ìwọ̀nba owó tí a dá jọ tún ògiri rẹ̀ mọ. Ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù ni a lọ bá nílé lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù. Ó ní kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún òun lórí ilẹ̀ òun. Lẹ́ẹ̀kẹta, a kọ ìwé sí kánsù, gbogbo wa sì fọwọ́ sí i. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, a sì kọ òmíràn; níkẹyìn wolé-wolé wá, a sì ṣí gọ́tà náà. Títí di òní, ọkùnrin náà kì í kí mi bí ó ti máa ń kí mi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún tí ó tẹ̀ lé e rọ̀, omi kò wọ ilé ẹnikẹ́ni ní òpópó wa, kò sì wọ ilé tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ìkíni yìí ni ó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. A mọ òwe tí ó wí pé, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ni ó wí pé, "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru." Òwe méjèèjì kò bá ara wọn jà. Èkejì ń sọ pé kí a sọ ọ́. Èkíní ń sọ pé kí a má fi kóòtù bẹ̀rẹ̀. Olófòófó ni ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ibòmíràn kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tó gbọ́. Ìyá Alákàrà kì í ṣe olófòófó. Ọ̀dọ̀ mi ni ó kọ́kọ́ wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gba ìdúró. Ní ọjọ́ 13 oṣù March, ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta-Fájì ní Erékùṣù Èkó. Ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí ènìyàn 20 ni ó kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé a ti fi àmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ ní wíwó. Àmì wà lára ògiri, àwọn ọmọ sì ń gòkè lọ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú àpò ìwé wọn. Kì í ṣe láti dá àwọn òbí tí ó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́bi ni mo ṣe mẹ́nu kàn án. Mo sọ ọ́ nítorí pé àmì tí ìjọba kùn sára ògiri kò lè gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀; ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó lè gbé e. Bí ògiri bá ti ń ya, bí òpó bá ti ń tẹ̀, bí ẹnìkan bá ń fi àjà kún àjà lórí ìpìlẹ̀ tí a kò ṣe fún un, ẹ má dúró de ìpàdé. Ẹ sọ fún onílé ní ọjọ́ náà, ẹ sọ fún àwọn tí ń bójú tó ilé kíkọ́ ní ọjọ́ náà pẹ̀lú, kí ẹ sì kó ọmọ yín kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó bínú yóò padà rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó kú kò ní padà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ìmọ̀ràn márùn-ún sílẹ̀ fún àwọn ilé tí ń ka ìwé yìí.

Èkíní, kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí gọ́tà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ kò lè nàka sí ti ẹlòmíràn.

Èkejì, kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí kò lè àti ẹni tí kò fẹ́. Ìrànlọ́wọ́ ni ti ẹni ìṣáájú, òfin ni ti ẹni ìkẹyìn. Bí a bá fi òfin lu opó, tí a sì fi ojú fo olówó, a ti ba òfin náà jẹ́ lójú gbogbo àdúgbò.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀sùn má ṣe ti ẹnu ẹnì kan jáde. Àwọn kan wà tí ó ń fi wolé-wolé gbẹ̀san ìjà orogún tàbí ìjà ilẹ̀. Kí ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán ti fi ojú ara wọn rí ohun tí a fẹ́ fi ẹnìkan sùn lé lórí, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a rí i.

Ẹ̀kẹrin, kí àdúgbò má ṣe sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá tàbí adájọ́. A kò ní àṣẹ láti ti ilé ẹnikẹ́ni pa, tàbí láti gba ẹrù rẹ̀, tàbí láti nà án. Òfin de ìjọba pàápàá. Ẹ rántí pé láti àárín àwọn ọdún 1980 ni a ti ń sé àwọn ènìyàn mọ́lé ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù nítorí ìmọ́tótó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ ní Èkó pé kò sí òfin tí a kọ sílẹ̀ tí ó fún ìjọba ní agbára bẹ́ẹ̀, nínú oṣù November ọdún náà ni ìjọba Èkó sì fi òpin sí i. Àwọn kan rò pé ìmọ́tótó ti tán nìyẹn. Kò tán. Ohun tí ó tán ni pé kí a máa sé ènìyàn mọ́lé. Bí ó bá jẹ́ pé àyàfi bí a bá sé wa mọ́lé ni a ó tó gbá ojúde wa, ìtìjú ni fún wa.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe jẹ́ kí kánsù sá fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka kíkó pàǹtí àti títọ́jú ojú òpópó àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. A lè gbá pàǹtí jọ, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tí yóò kó o kò bá dé, afẹ́fẹ́ yóò tún gbé e padà sínú gọ́tà. Nítorí náà, kí ìwé àkọsílẹ̀ àdúgbò ní ojú ewé méjì: ọ̀kan fún ohun tí àwa jẹ ní gbèsè, ọ̀kan fún ohun tí kánsù jẹ. Kí a máa kọ ọjọ́ tí a kọ ìwé, àti ọjọ́ tí a gba èsì. Bí wolé-wolé bá sì wá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìn ilé. Owó tí ó ra ìdákẹ́jẹ́ wolé-wolé lónìí ni ó ń ra pósí lọ́la.

Ẹ̀yin ìyá, ọwọ́ yín ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọmọ tí ó rí ìyá rẹ̀ tí ó ń da pàǹtí sínú omi òjò kò ní gbọ́ ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin baba, ẹ má ṣe jẹ́ kí ipò onílé di ìbòjú lójú yín bí ó ti di ìbòjú lójú mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ ìwé kọ jù nínú ilé. Ẹ bá àwọn àgbà kọ ìwé sí kánsù, kí ẹ sì máa pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí òjò tó tún dé, ẹ jáde, kí ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà yín dé ìkòríta, kí ẹ sì padà. Ẹ wo ohun tí ẹ ti ń fò kọjá láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Bí ó bá jẹ́ tiyín, ẹ tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ ti aládùúgbò yín, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ sì fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ fún un, gẹ́gẹ́ bí obìnrin alákàrà nì ti sọ fún mi. Wolé-wolé ti kánsù kò lè wọ gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò ní aládùúgbò.

Ó dìgbà kan ná. Kí ilé yín tòrò o.